Ta Ni Mọ́mì Yín? Èrò Mi Lórí Orúkọ Tí Àjèjì Fi Ń Pe Àgbà

  

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ní agbègbè Alímòṣọ́ níbi tí mò ń gbé, àwọn ènìyàn kì í wo ilé mọ́ kí wọ́n tó sọ àgbàlagbà lórúkọ. Irun orí ni wọ́n ń wò. Bí irun bá ti funfun díẹ̀, tí ìrìn sì ti falẹ̀ díẹ̀, orúkọ ti délẹ̀: Mọ́mì, Dádì, Màmá wa, Bàbá wa, Ìyá àgbà, Alájà. Kò sí ẹni tí ó ń béèrè bóyá ẹni tí a ń pè fẹ́ orúkọ náà tàbí kò fẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, nítorí pé ó kan èdè, ó kan àṣà, ó sì kan ọkàn àwọn àgbà wa ju bí a ti rò lọ.

Ẹ jẹ́ kí á fi ọkàn wa tẹ̀lé ìyá kan tí ó ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún, tí ó jáde láti Ìgàndó, tí ó ń lọ sí Ẹgbẹ́dá. Ọlọ́kadà tí ó kọ́kọ́ rí i ní ẹnu ọ̀nà àdúgbò pè é ní "Màmá mi". Kọ̀ńdọ́ nawọ́ sí i láti ẹnu ọ̀nà dáńfó, ó pè é ní "Mọ́mì". Ó sọ̀ ní ìyípo Ìkòtún, níbi tí èrò gbé ń wọ́ tìrítìrí, ọmọkùnrin kan tí ó ń kiri bẹ́líìtì àti pọ́ọ̀sì sá tẹ̀lé e, ó ní "Mọ́mì tó rẹwà, ẹ wo tèmi". Obìnrin tí ó ń ta ata rodo ní ọjà pè é ní "Ìyá ọkọ mi". Kí ó tó dé Ẹgbẹ́dá, ó ti di ìyá fún ènìyàn mẹ́fà tí kò bí, ó ti di ìyá ọkọ fún ẹni tí kò gbé ọmọ rẹ̀ níyàwó, kò sì sí ẹnì kan nínú gbogbo wọn tí ó mọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ní ọjọ́ kẹjọ.

Ṣé àbùkù ni èyí ni, tàbí ọ̀wọ̀? Èrò tèmi ni pé ó lè jẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì, àti pé èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ti fún wa ní ọ̀nà tí a lè gbà dá ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì.

Kí ló fà á tí irú ìpè yìí fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa? Àwọn Àwórì ló tẹ Ìkòtún, Ìgàndó, Ẹgbẹ́dá àti àwọn ìletò tí ó yí wọn ká dó. Nínú ìletò, ẹni tí ó dé lánàá ni àjèjì. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ obìnrin tí ó bí Kúnlé, wọ́n a sì máa pè é ní Ìyá Kúnlé. Ìmọ̀ ni orúkọ yẹn. Ẹni tí ó pè é bẹ́ẹ̀ ti mọ ilé rẹ̀, ó ti mọ ọmọ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó ti jẹ nínú oúnjẹ ìkómọ Kúnlé. Ṣùgbọ́n nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 1,277,714 ni wọ́n kà ní Alímòṣọ́, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó ní èrò tó o. Ìjọba Èkó tilẹ̀ sọ ní tirẹ̀ pé wọ́n lé ní mílíọ̀nù méjì. Yorùbá wà níbẹ̀ láti gbogbo ìpínlẹ̀, Ìgbò wà níbẹ̀, Hausa wà níbẹ̀, Ẹ̀gùn wà níbẹ̀. Nínú irú agbo báyìí, ta ni yóò mọ ọmọ ta? Nígbà tí a kò mọ Kúnlé mọ́, a gé Kúnlé kúrò lára orúkọ, ó wá ku Ìyá nìkan. Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin tí ó ti jẹ́ ìyá ẹnì kan pàtó ṣe di ìyá gbogbo ayé.

Ilé ìjọsìn náà ní ipa tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Pásítọ̀ Enoch Adébóyè, tí ó di Alábòójútó Àgbà ìjọ Rìdíìmù ní ọdún 1981, ni tọmọdé tàgbà ń pè ní Daddy G.O., tí wọ́n sì ń pe ìyàwó rẹ̀ ní Mummy G.O. Ẹni tí a ń pè mọ àwọn tí ó ń pè é ní ìjọ, ó sì gba orúkọ náà. Ṣùgbọ́n orúkọ náà jáde kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó bọ́ sí ìgboro, ó sì di ti gbogbo ẹni tí ó bá ní ewú lórí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ wo àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí ó máa ń tẹ̀lé irú orúkọ báyìí, nítorí pé ibẹ̀ ni òkodoro rẹ̀ wà. "Màmá wa" kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú "Màmá yìí". "Wa" ń gba ènìyàn mọ́ra, ó ń fi ìjókòó lọ̀ ọ́. "Yìí" ń fi ìka tọ́ ọ níwájú èrò: "Màmá yìí, ẹ ò rí i pé ẹ dínà ni?" "Bàbá yẹn" burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níṣojú rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Orúkọ kan náà ni, ọ̀rọ̀ kékeré tí ó kángun sí i ló sọ bóyá a gbé àgbà ga tàbí a tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ tún wo arọ́pò orúkọ. Gbogbo wa la mọ̀ pé "ẹ" àti "yín" ni Yorùbá fi ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ẹ wá gbọ́ ohun tí kọ̀ńdọ́ ń wí: "Mọ́mì, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Ẹni tí ó ń kọ́ èdè wa lè rò pé "ẹ" tí ó gbẹ̀yìn yìí ni ti ọ̀wọ̀. Rárá o. "Rẹ" ni, tí kọ́ńsónáǹtì rẹ̀ ti já sọnù. Bí ọ̀wọ̀ bá wà níbẹ̀ ni, "Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín" ni ì bá wí. Orí gbólóhùn náà dé fìlà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wọ bàtà. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá Mọ́mì tí ẹnì kan pè ti inú wá, ẹ má wo Mọ́mì, ẹ wo ohun tí ó tẹ̀lé e.

Kí á má sì ṣe bú kọ̀ńdọ́ jù. Ẹni kan náà tí ó pariwo ṣéńjì ni yóò kígbe sí dírẹ́bà pé "Rọra o, ìyá àgbà ń sọ̀!" gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń kígbe "Ó lóyún, ó pọnmọ!" nítorí obìnrin tí ó gbé ọmọ dání. Ní àkókò yẹn, "ìyá àgbà" kì í ṣe ìpọ́nni ẹnu lásán, ààbò ni. Orúkọ náà ń ṣiṣẹ́ fún ìyá, kì í ṣe fún kọ̀ńdọ́. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí pé n óò padà sí i.

Ní báyìí, kí ni Yorùbá mọ̀ nípa orúkọ ìkẹ́? Ó mọ̀ ọ́n púpọ̀. Samuel Johnson, nínú ìwé The History of the Yorubas tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, pín orúkọ wa sí àmútọ̀runwá, àbísọ àti oríkì. Oríkì yìí gan-an ni orúkọ ìkẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú oríkì obìnrin ni ó tilẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà "kẹ́" sínú: Àbẹ̀kẹ́, ẹni tí a bẹ̀ kí á tó rí i kẹ́, Àjọkẹ́, ẹni tí gbogbo ilé jọ ń kẹ́, Àdùkẹ́, ẹni tí wọ́n ń du ara wọn láti kẹ́, Àṣàkẹ́, ẹni tí a ṣà láti kẹ́. Ẹ wá bi ara yín léèrè: ta ni ó ń pe Àbẹ̀kẹ́ ní Àbẹ̀kẹ́? Ìyá rẹ̀ ni, ìyá ìyá rẹ̀ ni, bàbá rẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ọkọ rẹ̀ ni nígbà tí ara bá dẹ̀ wọ́n. Ọmọdé kì í dédé pàdé àgbà ní ọ̀nà kí ó pè é ní Àbẹ̀kẹ́. Ìkẹ́ dà bí omi, láti òkè ni ó ti ń ṣàn wá sí ìsàlẹ̀. Àgbà ló ń kẹ́ ọmọdé.

Èyí ni mo rò pé ó ń dun àwọn àgbà kan láìmọ bí wọn yóò ti ṣàlàyé rẹ̀. Nígbà tí ọmọ ọdún méjìlélógún bá sún ohùn rẹ̀ wọ́lẹ̀, tí ó ń fa ọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó ń rẹ ìkókó lẹ́kún, "Mọ́-ọ́-mì mi dáadáa, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ jókòó jẹ́jẹ́", ó ti yí omi náà padà. Ìyá tí ó ti kẹ́ ọmọ, tí ó ti kẹ́ ọmọ-ọmọ, ló wá di ẹni tí wọ́n ń kẹ́ bí ọmọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn, ṣùgbọ́n ipò ti yí padà.

Ẹlòmíràn lè wí pé, ṣebí àwọn kan wà nínú àṣà wa tí wọ́n máa ń fi orúkọ ìkẹ́ pe ẹni tí ó jù wọ́n lọ? Òótọ́ ni, méjì ni mo mọ̀ dáadáa.

Èkíní ni ìyàwó ilé. Ìyàwó tuntun kò gbọdọ̀ pe àwọn ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ ní orúkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọdún mẹ́ta, nítorí pé wọ́n ti wà nínú ilé kí ó tó dé. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí ṣàlàyé èyí dáadáa nínú ìwé rẹ̀, The Invention of Women, tí ó jáde ní ọdún 1997: lójú ìyàwó, gbogbo ọmọ ilé ni ọkọ rẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin. Nítorí náà, ìyàwó a fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní orúkọ tirẹ̀: Ìbàdíàrán, Eyínfúnjowó, Adúmáradán. Ẹ wò ó pé àjèjì ni ìyàwó náà. Ṣùgbọ́n irú àjèjì wo? Àjèjì tí ó wá láti bá wọn gbé. Kí ó tó pe ẹnì kan ní Eyínfúnjowó, ó ti wo ẹnu rẹ̀ nígbà tí ó ń rẹ́rìn-ín. Kí ó tó pe ẹlòmíràn ní Adúmáradán, ó ti rí bí ara rẹ̀ ṣe ń dán. Orúkọ tí ó ti inú ìwòye wá ni. Mọ́mì kò wo nǹkan kan. Ewú nìkan ni ó rí.

Èkejì ni àwọn alágbe àti onílù. Bí onílù bá rí bàbá olówó ní ibi ìnáwó, yóò pe oríkì rẹ̀, yóò pe oríkì orílẹ̀ rẹ̀, orí bàbá yóò wú, ọwọ́ yóò sì wọ àpò. Gbogbo wa la mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Ọmọkùnrin tí ó ń kiri bẹ́líìtì ní Ìkòtún kò yàtọ̀ sí onílù, àfi pé kò ní ìlù, kò sì kọ́ oríkì kan. "Dádì, ẹ ṣe wá lóore, àwọn ọmọ yín ni wá" tí àwọn ọmọ ìta ń wí ní ibùdókọ̀, iṣẹ́ kan náà ni. Àwọn àgbà kò gọ̀. Wọ́n mọ̀ pé àpò ni wọ́n ń pè ní Dádì. Ohun tí ó ń bí wọn nínú ni pé bí wọ́n bá ti kọ̀ tí wọn kò rà, tí wọn kò sì fúnni, orúkọ náà yóò yí padà lójú ẹsẹ̀: "Màmá yìí tilẹ̀ ti dàgbà jù, ahun ni!"

Mo ti bi àwọn àgbà díẹ̀ léèrè ní àdúgbò wa, ìdáhùn wọn kò sì dọ́gba. Bàbá kan tí ó fi ọdún márùndínlógójì ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní kò sí orúkọ tí ó dùn mọ́ òun létí bí Tíṣà. Ó ní Bàbá sọ fún òun pé òun ti dàgbà, òun sì ti mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n Tíṣà sọ fún òun pé òun ti ṣe nǹkan láyé. Ìyá kan tí ó jẹ́ Mùsùlùmí ní òun kì í dáhùn sí Alájà, nítorí pé òun kò tíì dé Mẹ́kà, òun kò sì fẹ́ wọ aṣọ tí òun kò rà. Obìnrin kan tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún, tí ó kàn pinnu pé òun kò ní fi nǹkan kun irun òun, ní òun ti di Ìyá àgbà lọ́sàn-án kan òru kan.

Ìdáhùn tí ó wọ̀ mí lára jù ni ti obìnrin kan tí Ọlọ́run kò fún ní ọmọ. Ó ní bí wọ́n bá ti pe òun ní Mọ́mì, òun a máa dáhùn, ṣùgbọ́n inú òun kì í dáhùn. Nígbà tí òun wà ní ọmọ ogójì ọdún, àdúrà ni òun ń ka orúkọ náà sí. Ní báyìí tí òun ti lé ní ọgọ́ta, kò jẹ́ àdúrà mọ́. Ẹni tí ó ń ta ọsàn kò mọ̀, kò sì lè mọ̀. Èyí gan-an ni ohun tí mò ń sọ: nígbà tí a kò bá mọ ènìyàn, orúkọ tí a fi ń ṣìkẹ́ rẹ̀ lè jẹ́ ọwọ́ tí a fi kan egbò.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ti bàbá kan tí ó ti súnmọ́ ọgọ́rin ọdún. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú tán, ọmọ rẹ̀ méjèèjì wà ní òkè òkun. Ó ní àwọn tí ó ń pe òun ní Àjàní ti lọ. Bí kọ̀ńdọ́ bá wá pe òun ní "Bàbá mi", inú òun máa ń dùn, nítorí pé ó kéré tán, ẹnì kan pe òun lọ́jọ́ náà. Ẹ ò rí nǹkan? Bí ènìyàn bá pẹ́ láyé tó bẹ́ẹ̀, àwọn tí ó ní ẹ̀tọ́ láti kẹ́ ẹ yóò lọ kí ó tó lọ. Nítorí náà, n kò ní wí pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe àgbà ní orúkọ ìkẹ́ mọ́. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò rò ti irú bàbá yìí.

Àwọn ibi kan wà ṣá o tí ọ̀rọ̀ náà ti kọjá bí ó ti dùn tàbí bí ó ti korò.

Ilé ìwòsàn ni àkọ́kọ́. Mo sin àgbàlagbà kan lọ sí ilé ìwòsàn kan ní ọjọ́ kan. Nọ́ọ̀sì yọjú láti inú yàrá, ó mú fáìlì dání, ó ní "Màmá!" Ìyá márùn-ún ló dìde. Èrò rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí lẹ́yìn náà. Bí ó bá jẹ́ pé ìyá kan ṣoṣo ni kò dití nínú wọn ńkọ́, tí ó sì dìde fún fáìlì tí kì í ṣe tirẹ̀? Ní ọdún 2007, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ìmọ̀ràn síta lórí ààbò aláìsàn, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì ni pé kí òṣìṣẹ́ ìlera fi ó kéré tán àmì méjì dá aláìsàn mọ̀, bí orúkọ àti ọjọ́ ìbí, kí ó tó fún un ní oògùn tàbí kí ó tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Màmá kì í ṣe orúkọ lórí fáìlì. Níbẹ̀, ọ̀wọ̀ tòótọ́ ni kí á pe orúkọ àgbà ní kíkún, kí á sì fi "Ìyáàfin" tàbí "Alàgbà" ṣáájú rẹ̀.

Ìkejì ni orí fóònù. Láti ìgbà tí Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà ti gbé ètò BVN jáde ní ọdún 2014 ni àwọn gbájúẹ̀ ti rí ọ̀nà tuntun. Wọn yóò pe àgbàlagbà, ohùn wọn yóò tutù bí omi àmù: "Mọ́mì mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Báńkì yín ni mo ti ń pè. Ẹ má bẹ̀rù, ọmọ yín ni mí, ẹ kàn ka nọ́ńbà ara káàdì yín fún mi." Ẹ kíyè sí i pé Mọ́mì ni kọ́kọ́rọ́ tí ó fi ṣílẹ̀kùn. A ti kọ́ àwọn àgbà wa pé ẹni tí ó bá pè wọ́n ní ìyá, ọmọ ni kí wọ́n kà á sí. Olè náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ìpè yìí bá ti di ti gbogbo ẹnu, àgbà kò ní mọ ẹnu ọmọ yàtọ̀ sí ẹnu olè mọ́. Ohun tí a bá ń ná ní ìná àpà kì í pẹ́ dòfo, ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ náà kò yàtọ̀.

Ẹ má rò pé àwa nìkan ni irú èyí ń bá fínra. Ní Amẹ́ríkà, Kristine Williams àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2009 lórí bí àwọn olùtọ́jú ṣe ń bá àwọn arúgbó tí wọ́n ní àrùn ìgbàgbé sọ̀rọ̀. Wọ́n rí i pé nígbà tí wọ́n bá ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ọmọ ìkókó, tí wọ́n ń pè wọ́n ní olólùfẹ́ àti aládùn, àwọn arúgbó náà máa ń kọ ìtọ́jú ju ìgbà tí wọ́n bá bá wọn sọ̀rọ̀ bí àgbà lọ. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti ń gbàgbé nǹkan gan-an kò gbàgbé pé àgbà ni òun. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Dókítà Kate Granger, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ aláìsàn, bẹ̀rẹ̀ ìpolongo kan ní ọdún 2013 pé kí òṣìṣẹ́ ìlera kọ́kọ́ sọ orúkọ ara rẹ̀ fún aláìsàn. Ó jẹ́ nǹkan kékeré, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti sọ orúkọ tirẹ̀ kì í tijú láti béèrè ti ẹlòmíràn.

Ó sì ń pa mí lẹ́rìn-ín pé ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ó ń tọ́jú arúgbó ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, òdìkejì ìṣòro yìí ni wọ́n ń bá jà. Ìyá ọlọ́gọ́rin ọdún yóò ní kí wọ́n máa pe òun ní Margaret lásán, ẹnu ọmọ Yorùbá yóò sì wúwo. Bí ó bá pè é ní Màmá, ìyá náà lè bínú pé òun kì í ṣe ìyá rẹ̀. Olùtọ́jú tí ó gbọ́n a béèrè, a sì pe ẹni náà ní ohun tí ó fẹ́. Bí a bá lè ṣe é fún Margaret, kí ló dé tí a kò lè ṣe é fún Àbẹ̀kẹ́?

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní: a kì í pe àgbà lórúkọ nílẹ̀ Yorùbá, kí ni kí á wá pè wọ́n? Ìbéèrè rere ni. Ìdáhùn mi ni pé èdè wa kò tilẹ̀ nílò orúkọ láti fi bá àjèjì sọ̀rọ̀. Ìkíni wà. Ẹni tí ó dúró ní ibùdókọ̀, ẹ kú ìdúró. Ẹni tí ó ń rìn, ẹ kú ìrìn. Ẹni tí ó wá rajà, ẹ kú ọjà. Ẹni tí ó rẹ̀, ẹ kú àárẹ̀. Ní kété tí mo bá kí ìyá kan ní "Ẹ kú ìdúró mà", mo ti bọ̀wọ̀ fún un pẹ̀lú "ẹ", mo sì ti fi hàn pé mo rí ohun tí ó ń ṣe. N kò sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fún èrò, n kò bi í léèrè bóyá ó bímọ, n kò rán an lọ sí Mẹ́kà. Ìkíni ń wo ohun tí ènìyàn wà lẹ́nu rẹ̀. Bóyá ìdí nìyí tí Yorùbá fi ní ìkíni fún gbogbo nǹkan: kí ojú lè ti kan ojú kí orúkọ tó dé. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

Bí ẹ bá wá ń pàdé lemọ́lemọ́, tí ó ti di oníbàárà yín tàbí ẹni tí ẹ jọ ń jọ́sìn, ẹ béèrè: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni kí n máa pè yín?" N kò tíì rí àgbà tí ó bínú sí ìbéèrè yìí. Ọ̀kan yóò ní Tíṣà. Ọ̀kan yóò ní Ìyá Kúnlé. Ọ̀kan yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní "Máa pè mí ní Mọ́mì jàre." Bàbá ọlọ́gọ́rin ọdún yẹn sì lè dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, kí ó wá sọ fún yín pé Àjàní ni orúkọ òun. Bí àgbà bá fi ẹnu ara rẹ̀ fún yín ní oríkì rẹ̀, kì í tún ṣe ìwọ̀sí mọ́, ẹ̀bùn ni. Orúkọ tí ó bá wu ni là á jẹ́ lẹ́yìn odi, wọ́n ní. Ó yẹ kí ọjọ́ ogbó náà ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ọ̀wàrà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún àwọn àgbàlagbà láti ọdún 1990. Ní Nàìjíríà, ọjọ́ òmìnira ló bọ́ sí, nítorí náà a kì í sábà gbọ́ ohun tí ó kan àwọn àgbà láàárín fèrè àti ìlù. Bí ọjọ́ náà bá tún yí po, ẹ má dààmú láti ra ẹ̀bùn. Ẹ wá àgbà kan tí ẹ ti ń pè ní Mọ́mì tàbí Dádì láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kí ẹ bi í léèrè orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni wọ́n ń pe àwọn àgbà ní ìlú tiyín, kí sì ni àwọn àgbà náà ń sọ sí i? Ẹ jẹ́ kí n gbọ́. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí àwa náà dàgbà, kí á sì rí ẹni tí yóò béèrè bí òun yóò ti máa pè wá.

Ire o.